Iṣẹ́ Tí Kò Sí Nínú Ètò: Ìtẹ́lọ́rùn àti Ìgbàgbọ́ Nínú Ìtàn Abẹ́òkúta

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ohun tí a lè pè ní iṣẹ́ àìròtẹ́lẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí ènìyàn kò pinnu láti ṣe, tí àwọn òbí rẹ̀ kò bá a gbèrò rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni ó ń lé kí ó tó bá ara rẹ̀ nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó padà wá di èyí tí ó fi jẹun, tí ayé fi mọ̀ ọ́n, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ sí. A ní láti ya irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìrandíran, èyí tí ọmọ ń bá lọ́wọ́ baba ní ilé alágbẹ̀dẹ, ilé onílù tàbí agboolé àwọn agbẹ́gilére, kí a sì tún yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ àyànláàyò, èyí tí ẹni náà fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì lé títí ọwọ́ rẹ̀ fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ní Ìbarà ní Abẹ́òkúta, yálà ní ọ́fíìsì ìjọba, ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ní ọjà, ni kò sí nínú ẹ̀yà kìíní, tí wọn kò sì sí nínú ẹ̀yà kejì. Ẹ̀yà kẹta yìí, iṣẹ́ àìròtẹ́lẹ̀, ni tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábàá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba, nítorí pé ìtìjú díẹ̀ máa ń wà lára ẹni tí a bá bi léèrè bí ó ṣe dé ibi tó wà, tí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ pé òun kọ́ ni òun mú ara òun débẹ̀.

Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí à ń wí tipẹ́tipẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ náà kò sì dọ́gba. Àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí ẹ̀dá kúnlẹ̀, tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ yàn kí ó tó wá sáyé. Àkúnlẹ̀gbà ni ohun tí a gbé lé e lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà láti fi ran yíyàn rẹ̀ lọ́wọ́. Àyànmọ́ sì ni ohun tí a yàn mọ́ ọn, tí kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá gba ọ̀rọ̀ kádàrá wọlé láti inú èdè Lárúbáwá, wọ́n sì fi ń tọ́ka sí ohun tí Ọlọ́run ti pèbùbù rẹ̀ fún ẹ̀dá, nígbà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń lo ìpè, tí ó dúró fún bí Ọlọ́run ṣe ń fi ohùn yan ènìyàn sí iṣẹ́ kan. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kò sí ìkankan tó sọ pé ẹni tí a yan nǹkan mọ́ yóò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ẹ̀dá ti gbàgbé ohun tó yàn kí ó tó dé òde ayé, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń dífá àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé gbígbàgbé ni ti gbogbo ẹ̀dá, a jẹ́ pé ẹni tó ní ètò àti ẹni tí kò ní ètò, ọgbọọgba ni wọ́n dúró sí.

Èrò tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dì mú kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà. Àwọn ènìyàn máa ń wá ìdánilójú ná kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́, wọ́n ń fẹ́ kí ọkàn wọn kọ́kọ́ sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà ni tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn àwọn tí iṣẹ́ àìròtẹ́lẹ̀ ti gbé dé ibi gíga láti Abẹ́òkúta fi hàn pé ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ máa ń tọ iṣẹ́ lẹ́yìn ni, ó máa ń bá ènìyàn níbi tí ó ti ń ṣe é, lẹ́yìn tí ó bá ti gbà láti di ọmọ iṣẹ́ nídìí ohun tí kò bèèrè fún. Ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè jọ gbé inú ẹnìkan: ó jẹ́ ìdánilójú pé ibi tí ẹsẹ̀ ẹni wà yìí kì í ṣe àṣìṣe.

Ìlú tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá, tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, wá sábẹ́ àpáta Olúmọ, tí wọ́n sì sọ ibi ìsásí di ibùgbé. Àwọn Òwu wá dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Ìbarà, tí Olúbarà ń jọba lé lórí, tí orírun àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jẹ mọ́ ìhà Yewa ju inú igbó Ẹ̀gbá lọ, ń gbé pọ̀ pẹ̀lú wọn lábẹ́ orúkọ Abẹ́òkúta títí di òní. Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí Abẹ́òkúta sì di olú ìlú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ wá sí agbègbè Ìbarà láti ìlú mìíràn, nítorí pé ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí ìwé ìṣípòpadà gbé wọn wá. Àwọn àgbàdo tí Ọlọ́run gbìn sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ro ni gbogbo wa níhìn-ín.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni Samuel Àjàyí Crowther, tí a kì í rántí mọ́ pé iṣẹ́ káfíńtà wà nínú àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́wọ́. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ogun kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn, wọ́n sì dì í sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ní 1822. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon, gba ọkọ̀ náà ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ó sì kó gbogbo wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwé, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní bí a ṣe ń fi ayùn àti ìfági ṣiṣẹ́. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 1825. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay, ó sì di olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́. Títí di ìgbà náà, ohun tí a lè rò pé ó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí i kò ju pé kí ó dàgbà sí Sàró bí olùkọ́, kí ó sì kú síbẹ̀.

Ìrìn àjò kan tó burú ni ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ní 1841, ìjọba Bírítéènì rán ọkọ̀ gba odò Ọya lọ, wọ́n sì mú Crowther dání gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, ìyẹn ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín àwọn tí èdè wọn kò papọ̀. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ náà, ìrìn àjò náà sì fọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí Crowther kọ lójú ọ̀nà tẹ́ CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní 1843. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Kò sí ẹni tó rán an lọ sí odò Ọya láti lọ di onímọ̀ èdè. Iṣẹ́ tí a fi rán an forí ṣánpọ́n, ìwé ìrìn àjò tó ń kọ lálaalẹ́ ni ó là á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Abẹ́òkúta ni ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, tí Crowther wọ ìlú yìí lẹ́yìn ìdádúró gígùn ní Àgbádárìgì. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù náà, tí ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí wọ́n ti pínyà láti nǹkan bí ọdún 25 sẹ́yìn, gbọ́ pé ọmọ òun wà ní Abẹ́òkúta, tí ó sì wá a wá. Ní oṣù Kejì ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí, wọ́n sì jàre, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n máa ń yára kọjá lórí ohun tó ṣe pàtàkì jù fún kókó tiwa. Ọmọdé ni Crowther nígbà tó kúrò nílé. Èdè tó mú lọ jẹ́ èdè ọmọdé. Nígbà tí ó padà dé gẹ́gẹ́ bí àlùfáà tó ti pé nǹkan bí ogójì ọdún láyé, ó ní láti tún èdè ara rẹ̀ kọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, kí ó máa fetí sí babaláwo, àgbẹ̀, obìnrin ọlọ́jà àti òtòṣì, kí ó máa ṣe àkójọ òwe àti àwọn ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ tó tún jáde ní 1852 kún fún òwe, ohun tí ẹni tó bá jókòó sínú yàrá nìkan kò lè kó jọ. Ọ̀gá ni ó jẹ́ lórí pẹpẹ, ọmọ iṣẹ́ ni ó jẹ́ ní ìta.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ti Ìwé Róòmù jáde ní 1850, òun àti àwọn mìíràn sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí gbogbo Bíbélì Yorùbá fi parí ní 1884. Àwọn àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, tí a fi tẹ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí pẹ̀lú, jẹ́ ara ohun tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ jọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Ẹni tó bá ti fi ìfági dán pákó, tí ó sì mọ̀ pé bí ìwọ̀n kan bá ṣì, àpótí kò ní dé, ó yẹ kí a rò pé ó mú sùúrù kan bọ̀ láti ibẹ̀ wá sídìí yíyan ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a fi sílẹ̀ kì í sọnù. Ó máa ń wọ inú iṣẹ́ kejì lọ láìjẹ́ kí a rí i, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀lú ṣe ń wọ inú òwú lọ lọ́wọ́ aládìírẹ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Crowther lọ́ tìkọ̀, ó kà á sí ohun tó ju òun lọ, ìrọni Henry Venn, akọ̀wé CMS, ni ó fi gbà. Wọ́n yà á sí mímọ́ ní Canterbury ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1864, ó sì di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Kò yẹ kí a fi ìtàn náà parí sórí ayẹyẹ. Ní 1890, nígbà tí ó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó tí ìjọ rán wá sí odò Ọya tẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n lé àwọn tó fún níṣẹ́ dànù, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891, láìrí ìyanjú ọ̀ràn náà. Ìtẹ́lọ́rùn tí à ń wí, nígbà náà, kì í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tí ohun gbogbo ṣẹ́nuure fún.

Ẹni kejì sún mọ́ wa ju Crowther lọ, òun sì ni ìtàn rẹ̀ ṣe gbọnrangandan jù fún ọ̀dọ́ òde òní. Amos Tutùọlá, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1920, jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Ó fi ìgbà kékeré rẹ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ san iṣẹ́ tó ń bá a ṣe, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Salvation Army, ó bá ọkùnrin náà dé Èkó, ó sì tún padà wá sí ilé ẹ̀kọ́ Áńgílíkà ní Abẹ́òkúta. Ní 1939 ni baba rẹ̀ kú, ilé ẹ̀kọ́ sì dópin níbẹ̀. Ó gbìyànjú láti dáko kí ó lè rí owó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, òjò kò rọ̀ dáadáa, oko náà kò sì mú nǹkan wá. Ó wá lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọgbọ́n irin náà ni ó gbé e wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Bírítéènì ní Èkó, níbi tí ó ti ṣe alágbẹ̀dẹ bàbà láti 1942 títí dé 1945 tí ogun àgbáyé parí. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ó fẹ́ dá ilé alágbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn náà kò bọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tó ti wó lulẹ̀ lára ọkùnrin yìí kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún: ilé ẹ̀kọ́, oko, iṣẹ́ ológun, ilé iṣẹ́ ara ẹni. Kò sí èyí tí kò fi gbogbo ara ṣe. Iṣẹ́ tó wá rí ni ti mẹ́sẹ́ńjà, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń fi ìwé rán láti tábìlì kan sí òmíràn, ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ìdúró púpọ̀ nínú, nítorí pé ẹni tó ń ṣe é yóò jókòó síbi kan títí wọn yóò fi pè é. Nínú ìdúró náà, kí jíjókòó lásán má bàa sú u, Tutùọlá bẹ̀rẹ̀ sí kọ àwọn ìtàn tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ní ìgbèríko Ẹ̀gbá sórí àjákù ìwé. Ohun tó kọ́kọ́ parí, tí ó dá lórí ọdẹ kan nínú igbó iwin, ni ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń tẹ ìwé lórí fọ́tò; ìwé náà kò jáde títí di 1982. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìtàn ẹlẹ́mu kan tó kú àti ọ̀mùtí tó wá a lọ sí ìlú àwọn òkú, ni ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kan tó ń ṣe ìwé, nítorí pé ó rí ìkéde wọn nínú ìwé ìròyìn. Ẹgbẹ́ náà kò tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mú un lọ fún ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952 pẹ̀lú àkọlé The Palm-Wine Drinkard.

Akéwì ilẹ̀ Wales kan, Dylan Thomas, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer ní oṣù Keje ọdún yẹn, òkìkí rẹ̀ sì kàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nílé, ọ̀tọ̀ ni ohun tó gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa kan bínú pé èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tọ́, pé ó fi ìlú hàn bí ìlú aláìmọ̀wé, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn láti fi ẹ̀sùn kàn án. Ìdáhùn rẹ̀ ni ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kà sí kókó gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì gbéra ga. Ó ń bá ìwé lọ ní kíkọ, ó sì tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ láti mú ìmọ̀ rẹ̀ dára sí i. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti wà nínú àwọn ilé ìkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbé ìwé àti pẹ́ńsù lọ sí kíláàsì lálaalẹ́. Ní àárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa, ọmọ iṣẹ́ ń retí ọjọ́ tí yóò gba fíríìdọ́ọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ ìgbòmìnira tí ọ̀gá rẹ̀ yóò gbàdúrà fún un níwájú ẹbí, tí yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti mọṣẹ́. Tutùọlá kò rí ẹni tó lè ṣe ọ̀gá fún un nídìí iṣẹ́ yìí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè dá a sílẹ̀. Ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwé kejì, My Life in the Bush of Ghosts, jáde ní 1954. Ní nǹkan bí ọdún 1956 ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ, ó sì ń kọ̀wé lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1963 ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn ọ̀mùtí náà wọ orí ìtàgé ní èdè Yorùbá, tí ìtàn tó ti inú èdè Yorùbá jáde lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì fi padà wálé. Yunifásítì Ifẹ̀ pè é láti wá ṣe olùwádìí àlejò ní 1979, Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà náà sì gbà á lálejò ní 1983. Nígbà tó kú ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà ọdún 1997, ó ti kọ̀wé fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè ìdí tó fi ń kọ̀wé, ohun tó máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ìtàn àti àṣà àwọn baba má bàa ṣègbé. Ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ nìyẹn, kò sì ṣeé ṣe kí ó ní in ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú pẹ́ńsù nítorí pé ìjókòó sú u. Ó rí i láàárín iṣẹ́ ni.

A lè rí àpẹẹrẹ mìíràn nínú ìtàn ìlú yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní pẹ́ lórí wọn. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ kí ó tó di olùkọ́ ní Philadelphia, dé Abẹ́òkúta ní 1859 pẹ̀lú ètò tó dán gbinrin: òun àti alábàárìn rẹ̀, Martin Delany, fẹ́ kó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó síhìn-ín, wọ́n sì bá Aláké àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ètò náà kò so èso. Campbell kó ìdílé rẹ̀ wá sí Èkó, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tó ti kọ́ ní kékeré ni ó sì padà gbé dìde, tí ó fi dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863. Ní àdúgbò Lántòrò ní Abẹ́òkúta, Jean-Marie Coquard, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní 1895. Iṣẹ́ pẹpẹ ni wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n egbò àti ibà tó bá lára àwọn ènìyàn ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ìlú ń wá fún ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn náà ṣì ń gba aláìsàn títí di òní.

Ó pọn dandan láti dá ẹnu dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé èrò yìí lè di ohun èlò lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ ire. Ohun rere tó jáde láti inú ìgbésí ayé Crowther kò sọ òwò ẹrú di ohun rere. Bákan náà ni ìwé Tutùọlá kò dá ìlú láre, ìlú tí ọmọ tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ kò lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san lẹ́yìn ikú baba rẹ̀. Bí ìjọba kan bá jókòó tí ó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n gba kádàrá, nígbà tí ilé iṣẹ́ ń ti ìlẹ̀kùn tí owó oṣù kò sì kárí, ìjọba náà ń ṣi ọ̀rọ̀ mímọ́ lò. Ìtẹ́lọ́rùn jẹ́ ohun tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè sọ nípa ara rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti fi pa á lẹ́nu mọ́. Ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò pé iṣẹ́ àìròtẹ́lẹ̀ mìíràn wà tí kò ní di ìpè láé, tí ó jẹ́ pé kí ènìyàn fi í sílẹ̀ ni ó dára jù, pàápàá èyí tó ń jẹ ẹni náà lára tàbí tó ń mú un ṣẹ̀ sí ọmọnìkejì.

Fún àwọn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wà fún gan-an, ọ̀ràn náà ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kan lè kọ ìmọ̀ ìṣègùn sínú fọ́ọ̀mù JAMB, kí wọ́n sì fún un ní àyè láti kọ́ nípa erùpẹ̀ tàbí nípa ẹja sínsìn ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988. Òmíràn lè kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ètò agùnbánirọ̀, tó ti wà láti 1973, gbé e lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ìgbèríko, kí ọdún kan náà sì di ogún ọdún. Òmíràn a wá bá ìyá rẹ̀ nídìí àdìrẹ ní Ìtòkú pé òun fẹ́ mú ọwọ́ òun dí kí iṣẹ́ gidi tó dé. Ohun tó máa ń bà wọ́n nínú jẹ́ kì í sábàá jẹ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ojú tí ilé fi ń wò ó ni. Nígbà tí òbí bá ń sọ fún àlejò pé ọmọ òun ṣì ń wáṣẹ́, nígbà tí ọmọ náà ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun fún ọdún márùn-ún, ó ń kọ́ ọmọ náà láti má ṣe fi ọkàn sí ohun tó ń ṣe, ẹni tí kò bá sì fi ọkàn sí i kò ní lè kọ́ ọ dé ibi tí ìgbàgbọ́ ti ń bá ènìyàn.

A mọ ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ènìyàn wọ̀nyí nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Crowther kọ lẹ́tà gígùn kan ní 1837 tó fi sọ bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Tutùọlá náà kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ṣókí, nípa ilé ẹ̀kọ́, oko àti ilé alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wà ní Ìbarà lónìí, ní Òkè-Ìléwó, ní Pánsẹ́kẹ́, ní Ìta-Ẹ̀kọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì, aránṣọ, awakọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi léèrè bí wọ́n ṣe dé ìdí iṣẹ́ wọn. Ẹ̀bẹ̀ wà fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mọ́ṣáláṣí àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní agbègbè yìí pé kí wọ́n pe àwọn àgbà náà jókòó níwájú àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tòun ti ibi tó ti wó lulẹ̀, kí ẹnìkan sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá kí wọ́n tó lọ.